Láti Ilé Aṣòfin dé Àga Adájọ́



Iṣẹ́ méjì ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Iṣẹ́ kìíní ni ṣíṣe òfin. Iṣẹ́ kejì ni fífi òfin dájọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Aṣòfin ń gbẹnu sọ fún àwọn tí ó dìbò yàn án. Ṣùgbọ́n tọ̀tún-tòsì ni adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ǹjẹ́ ẹnì kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì kó yege? Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Constance Baker Motley ni orúkọ rẹ̀. Ènìyàn dúdú ni. Ìlú New Haven ni a gbé bí i ní ọdún 1921. Alásè ni bàbá rẹ̀, kò sì sí owó láti rán an lọ sí yunifásítì. Lọ́jọ́ kan, ó dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àdúgbò. Oníṣòwò òyìnbó kan, Clarence Blakeslee, gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1946, ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti Columbia.

Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé òyìnbó ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà kì í gba ọmọ ènìyàn dúdú. Motley àti àwọn lọ́yà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ tí ó rò ló ṣílẹ̀kùn Yunifásítì Mississippi fún James Meredith ní 1962. Ẹjọ́ mẹ́wàá ló rò níwájú kóòtù tó ga jù lọ nílẹ̀ náà. Ó jàre mẹ́sàn-án.

Ní 1964, wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin àgbà Ìpínlẹ̀ New York. Obìnrin dúdú kankan kò jókòó níbẹ̀ rí. Níbẹ̀ ló ti jà kí àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan lè rí ilé gbé. Ní 1965, ó di olórí àgbègbè Manhattan.

Ní January 1966, Ààrẹ Johnson dárúkọ rẹ̀ fún ipò adájọ́ ìjọba àpapọ̀. Sẹ́nétọ̀ Eastland, ará Mississippi, fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn fún oṣù méje. Ní August, wọ́n fọwọ́ sí i. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le. Ní 1975, ẹjọ́ kan wà níwájú rẹ̀. Àwọn lọ́yà obìnrin ní ilé-iṣẹ́ lọ́yà ńlá kan kì í fẹ́ gba obìnrin síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí Motley yẹra fún ẹjọ́ náà. Kí ló dé? Wọ́n ní obìnrin ni, ènìyàn dúdú sì ni, ó sì ti jà fún àwọn tí a rẹ́ jẹ rí.

Motley kọ̀. Ó ní kò sí adájọ́ tí kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Kò sí èyí tí kò ní àwọ̀. Kò sí èyí tí kò ṣe iṣẹ́ kan rí. Bí ìyẹn bá tó láti lé adájọ́ kúrò lórí ẹjọ́, kò ní í ku ẹnì kan tí yóò gbọ́ ọ ní kóòtù náà.

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Kò sí adájọ́ tí ó já bọ́ láti ọ̀run. Nítorí náà, kí a má ṣe bi adájọ́ pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó gbọ́ tọ̀tún-tòsì? Ṣé ó tọ́ka sí òfin? Ṣé ó sọ ìdí tó fi dájọ́ bẹ́ẹ̀?

Láti 1982 dé 1986, Motley ni olórí àwọn adájọ́ kóòtù náà. Ó kú ní 2005. Àwọn ìdájọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé títí dòní.

Ẹ̀yin náà ti mọ̀wé kà báyìí. Bí ẹjọ́ bá kàn yín, ẹ béèrè ẹ̀dà ìdájọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn nìkan máa kà á fún yín. Ẹ fi ojú ara yín kà á.