Ta ni Ẹni tí ó kú fún wa?

Ní Pobè àti Sakété wa yìí, ọmọ ìyá mẹ́ta lè wà ní ìjọ mẹ́ta: Àgùdà, Mẹ́tọ́díìsì, Ẹlẹ́rìí Jèhófà. A sì máa ń wí pé, "Jésù kan náà ni." Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Àwa àti Mẹ́tọ́díìsì jùmọ̀ di ìgbàgbọ́ Nísíà ti ọdún 325 mú: a kò dá Ọmọ, Ọlọ́run kan ni Òun àti Baba. Ìdí pẹpẹ ni a ti yà: wọn kò gba Mísà ní ẹbọ. Ní tiwa, ẹbọ Kálfárì kan ṣoṣo náà ni. A kì í tún Kristi pa.

Ti àwọn Ẹlẹ́rìí jinlẹ̀ ju èyí lọ. Wọ́n ní Jésù ni Míkáẹ́lì, olórí áńgẹ́lì, ẹ̀dá àkọ́kọ́. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, Ọlọ́run rán ẹlòmíràn lọ jìyà ni, Òun tìkára Rẹ̀ kò fara gbà á. Nítorí èyí ni Ìjọ wa kò fi gba ìrìbọmi wọn, bí ó tilẹ̀ gba ti Mẹ́tọ́díìsì.

Ìjọba ilẹ̀ wa fòfin dè wọ́n láti 1976 títí di 1990. Kò yẹ kí Àgùdà yọ̀ sí i. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ fún wọn ní àga, kí ẹ sì bi wọ́n pé: ta ni ó kú?