Ẹ̀rí Aláìṣẹ̀: Òògùn Agbára àti Àjọ Eré Ìje Nàìjíríà



Ní Ṣàngótẹ̀dó tí mo ń gbé, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí ọkọ̀ tó dí ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré lẹ́bàá títì. Nítorí irú wọn ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ òní. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àyẹ̀wò òògùn agbára kì í ṣe pàkúté fún ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Òun gan-an ni ẹ̀rí aláìṣẹ̀. Àjọ tí kò bá pèsè ẹ̀rí náà ti ṣẹ àwọn eléré rẹ̀.

Òògùn agbára ni ohunkóhun tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀, tí eléré ń lò kí ara rẹ̀ lè ṣe ju bí ó ti mọ lọ. Òmíràn a máa tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó fún ni kò ní tíì tán lára. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọjọ́ ìdíje nìkan kò fi tó. Aláyẹ̀wò gbọ́dọ̀ yọ sí eléré láìròtẹ́lẹ̀, nígbà tí kò sí ìdíje rárá.

Ní 2020, a fi Nàìjíríà sí ìsọ̀rí A, èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ewu òògùn agbára pọ̀ jù lọ níbẹ̀, nítorí pé àyẹ̀wò tí à ń ṣe nílé kò tó. Òfin ìsọ̀rí yìí ni pé kí a yẹ eléré kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mẹta láìròtẹ́lẹ̀ láàárín oṣù 10 tí ó ṣáájú ìdíje ńlá, kí ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán sì wà láàárín àyẹ̀wò kan sí òmíràn. Ọrùn àjọ eré ìje orílẹ̀-èdè ni ẹrù náà wà. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, àwọn aláṣẹ àjọ tiwa ń bá ara wọn du ipò.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, 2021, a kéde pé eléré ìje Nàìjíríà 10 kò lè kópa nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo. A kò sọ pé a bá òògùn lára wọn. Àyẹ̀wò wọn ni kò pé. A ti yẹ àwọn kan wò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọ̀hún kò bá ìlànà àgbáyé mu. Wọ́n gbé àkọlé lọ́wọ́, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn ní ìgboro Tokyo.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a dá Blessing Okagbare dúró. Àyẹ̀wò tí a ṣe fún un ní Slovakia ní ọjọ́ 19, oṣù kan náà, nígbà tí kò sí ìdíje, ni ó tú àṣírí. Ní 2022, a fòfin dè é fún ọdún 10, a sì tún fi ọdún 1 kún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé; kí ló dé tí a fi gé ìka 10 tí a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Ìbéèrè náà tọ́. Mo gbà pé ìyà náà bọ́ sórí ẹni tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ọba kò lè mọ ìka tó ṣẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yẹ ọwọ́ wò. Níbi tí kò bá sí àyẹ̀wò, olóòótọ́ àti èké kò yàtọ̀ lójú ayé. Annette Echikunwoke wà lára àwọn 10 náà. Ó di ẹni tí ń díje fún Amẹ́ríkà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú jíju òòlù ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024.

Ìyà lè ju èyí lọ. A dá àjọ eré ìje Rọ́ṣíà dúró nínú ẹgbẹ́ àgbáyé ní oṣù Kọkànlá, 2015. Oṣù Kẹta, 2023 ni a tó gbà á padà. Ó kù díẹ̀ kí ó kan Kẹ́ńyà ní 2022, ṣùgbọ́n ìjọba rẹ̀ ṣèlérí mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ́dọọdún, fún ọdún 5, láti gbógun ti òògùn náà. Èyí ni a fi dá wọn sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òfin òyìnbó ni. Ní Sydney, ní 2000, àwọn ọkùnrin wa ṣe ipò kejì sí Amẹ́ríkà nínú eré ìje 4 × 400 mítà. Ní 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, jẹ́wọ́ pé òun lo òògùn. A gba wúrà lọ́wọ́ wọn. Ní 2012, a gbé e fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Sunday Bada, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí ó sá eré náà fún wa, ti kú ní oṣù Kejìlá, 2011. Ìdájọ́ òdodo dé, kò bá a láyé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àjọ mọ ibi tí a ti lè rí eléré rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó máa ka iye àyẹ̀wò wọn kí oṣù 10 náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kí ó sì tètè sọ fún àwọn tí ó wà lókè òkun, irú àyẹ̀wò tí a ó kà sí wọn lọ́rùn. Ọ̀dọ́ tí ń sáré ní Ṣàngótẹ̀dó lówùúrọ̀ ti ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rí ni ó kù tí a jẹ ẹ́.