Ọmọ tí ó Yára Lóye: Ṣé kí a Yà á Sọ́tọ̀?



Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ máa fi ìdánwò yan ọmọ, kí ó lè jẹ́ ti àwọn ọlọ́pọlọ pípé nìkan. Èmi kò fi èrò yìí ṣẹ̀sín. Ọmọ tí ó ti lóye ẹ̀kọ́, tí ó wá ń dúró de ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́, ìyà ń jẹ ẹ́.

Nígbà ìjọba Faransé, ilé-ẹ̀kọ́ William-Ponty ni ó gbayì jù. Láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń fi ìdánwò ṣa ọmọ díẹ̀ lọ sí Senegal. Hubert Maga tiwa kàwé níbẹ̀, àti Modibo Keita ti Mali, àti Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire. Èso rere ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba olùkọ́, akọ̀wé àti olùrànlọ́wọ́ oníṣègùn ni ìjọba ń wá. Iye tí wọ́n nílò ni wọ́n yàn. Nínú àwọn ọmọ tiwa, èwo ni a kò nílò?

Ẹni tí ó bá sì ń wá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí yóò rí i: ti àwọn ológun wà ní Bembèrèkè fún ọmọkùnrin, ti ọmọbìnrin sì wà ní Natitingou láti ọdún 2000.

Ìdánwò ọmọ ọdún 11 gan-an ni ó ń kọ mí lóminú. Ọmọ kan ń gbọ́ Faransé lẹ́nu bàbá rẹ̀ nílé, iná sì wà lórí tábìlì rẹ̀. Èkejì ti pọn omi, ó ti kiri ẹ̀kọ kí ó tó dé kíláàsì, kò sì gbọ́ Faransé níbòmíràn àfi lẹ́nu olùkọ́. Òṣùwọ̀n kan náà ni a ó fi wọ̀n wọ́n! Ilé ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n ju orí lọ. Ní Finland, wọ́n ti máa ń pín ọmọ ọdún 11 sí ọ̀nà méjì rí. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí sílẹ̀, tí gbogbo ọmọ ń jọ kàwé títí di ọdún 16. Nínú ìdánwò PISA ti ọdún 2000, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe, àwọn ọmọ wọn ni ó ta yọ jù nínú ìwé kíkà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a gba gbogbo ọmọ. Kí a fún ẹni tí ó yára ní ìṣirò tí ó le jù, kí ó sì máa ṣàlàyé fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀; ẹni tí ń ṣàlàyé ni ẹ̀kọ́ ń yé jù. Gbọ̀ngàn ìjọ ń ṣófo ní alaalẹ́. Bí a bá rí iná àti bẹ́ǹṣì, a lè ṣí i láti agogo méje sí mẹ́sàn-án, fún ọmọ Kátólíìkì àti ọmọ Mùsùlùmí. Èmi yóò gba alẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti fẹ̀yìntì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá rí mi lẹ́yìn Mísà, kí a pín àwọn alẹ́ tí ó kù.