Ṣé O Máa Ń Kúnlẹ̀?

(Ìlù gángan, ẹ̀rín, ariwo gbọ̀ngàn. Ó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

"Ìyàwó wa, ó yá, kúnlẹ̀ kí àwọn òbí rẹ súre fún ọ."

Alága ìjókòó ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Old Kent Road, lọ́jọ́ ìdána àbúrò mi obìnrin. Aṣọ òkè wà lára rẹ̀, iyùn wà lọ́rùn, ọ̀rẹ́ méjì dì í mú lápá. Orúnkún òsì ló kọ́kọ́ fi kanlẹ̀. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè, bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Àwọn àlejò rò pé ẹkún ayọ̀ ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá wa nìkan ló mọ̀. Wọ́n fa tìmùtìmù ẹ̀yìn wọn yọ, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n rọra gbé orúnkún ọ̀tún ọmọ wọn lé e lórí, wọ́n tó wá gbọ́wọ́ lé e lórí láti súre.

Ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni nǹkan kan já nínú orúnkún ọ̀tún yẹn, níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Burgess Park. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Ó ń sáré, ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ti padà sórí pápá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tó bu ọwọ́ lù, nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í, kò sí ẹni tó bi í pé: ṣé o máa ń kúnlẹ̀?

(Orin àmì ètò.)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Peckham, ẹ̀yin ará Camberwell, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọ̀rọ̀ orúnkún la fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, pàápàá èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ACL.

Láàárín eegun itan àti eegun ojúgun, nínú orúnkún gan-an, okùn ẹran líle méjì wà tó gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú. Èyí tó wà níwájú ni ACL. Kò gùn tó ìka ọmọńdinrín yín, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti díẹ̀ ni. Òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú, òun náà ni kì í jẹ́ kí orúnkún yẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí bírí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹni tí tiẹ̀ já. Èèyàn fò sókè ni, ó balẹ̀, ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ó sì gbọ́ "pọ́!" Àbúrò mi ní òun rò pé ẹnì kan ló ju òkò lu òun. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan.

Ìgbà tí okùn yìí bá já pátápátá, kì í sábà so ara rẹ̀ padà bí eegun ṣe ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá já fún ló nílò iṣẹ́ abẹ o. Ẹni tó kàn ń rìn lọ sí ọjà Rye Lane, tí kì í sáré yà sí ọ̀tún yà sí òsì, físíò lè tó o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ padà sórí pápá là ń sọ.

Wọ́n pọ̀ láàárín wa. Tammy Abraham, ọmọ tí wọ́n bí ní Camberwell nítòsí ibí yìí, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Roma ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà tí tiẹ̀ já lọ́jọ́ tí wọ́n parí líìgì Ítálì, oṣù kẹfà 2023. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ló tó tún wọ pápá. Ti àwọn obìnrin ló tún burú jù. Arsenal nìkan pàdánù mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́fà: Beth Mead, Vivianne Miedema, Leah Williamson àti Laura Wienroither, láti oṣù kọkànlá 2022 sí oṣù karùn-ún 2023. ACL ni gbogbo wọn.

Ó dáa. Tó bá ti já, kí la máa fi rọ́pò rẹ̀?

Mo fẹ́ràn ìtàn tó wà nídìí èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ní 1895, nílùú Leeds, awakùsà èédú kan wọ ilé ìwòsàn, ẹni ọdún 41. Ilẹ̀ ló ya lù ú nínú kòtò, ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ, orúnkún rẹ̀ kò gbà á dúró mọ́. Dókítà Arthur Mayo-Robson ṣí orúnkún náà, ó rí i pé okùn méjèèjì ti já kúrò níbi tí wọ́n so mọ́ eegun. Ó mú okùn ìránṣọ tí wọ́n fi ìfun ẹran ṣe, ó rán wọn padà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ọkùnrin yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń rìn láìtiro. Ẹ rò ó wò ná: kò sí oògùn apakòkòrò bíi pẹnisílìn, kò sí àwòrán MRI, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgboyà ni. Nítòsí wa níbí náà, ní St Thomas' létí odò Thames, Dókítà William Battle jábọ̀ ní 1900 pé òun ti rán irú okùn yìí fún ẹnì kan ní ọdún méjì ṣáájú.

Ṣùgbọ́n rírán kì í sábà dì í mú. Nígbà tó di 1917, ní Bristol, Ernest Hey Groves ní kí àwọn má rán èyí tó já mọ́, kí àwọn fi òmíràn dípò rẹ̀. Ó la pẹlẹbẹ kan lára awọ líle ẹ̀gbẹ́ itan aláìsàn fúnra rẹ̀, ó lu ihò sínú eegun, ó fà á gba ibẹ̀. Ọmọ ìyá ohun tí wọ́n ń ṣe dòní nìyẹn.

Àsìkò kan wà tí àwọn dókítà rò pé ilé iṣẹ́ ló máa bá àwọn ṣe é. Ní Cardiff, wọ́n lo fọ́nrán kábọ́ọ̀nù. Nígbà tó yá ó ń rún wẹ́wẹ́, ó ń sọ inú orúnkún di dúdú. Wọ́n lo Gore-Tex, ohun kan náà tó wà nínú kóòtù òjò tí ẹ̀ ń wọ̀ lóṣù kọkànlá! Òun náà ń já, orúnkún ń wú. Wọ́n padà sára èèyàn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ jókòó, ẹ ti ọwọ́ sẹ́yìn orúnkún yín. Ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ rí iṣan méjì tó le gbọin bí okùn yẹn? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú okùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ACL jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po títí á fi di ìlọ́po mẹ́rin, kó lè nípọn tó mìlímítà mẹ́jọ, ó kéré tán. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá tín-ín-rín, ìṣòro ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré kíkankíkan náà, tiwọn máa ń já padà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020, pẹ̀lú àwọn èèyàn 618 tí ọjọ́ orí wọn kò ju 25 lọ, fi hàn pé tí wọ́n bá fi okùn kejì kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde orúnkún, èyí tó ń já padà láàárín ọdún méjì á wálẹ̀ láti 11 nínú ọgọ́rùn-ún sí 4. Ìròyìn ayọ̀ gidi nìyẹn fún àwọn òbí.

Ẹ wá gbé ọwọ́ síwájú. Lábẹ́ eegun roboto ojú orúnkún, okùn pẹlẹbẹ kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ sí ojúgun. Wọ́n lè la ìdá mẹ́ta rẹ̀ tó wà láàárín, kí wọ́n gé e pẹ̀lú eegun kékeré lókè àti nísàlẹ̀. Eegun máa ń lẹ̀ mọ́ eegun kíákíá, ó sì le. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń fi èyí lọ ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun. Òun náà ni wọ́n lò fún àbúrò mi. Òkè eegun roboto yẹn náà ní okùn tirẹ̀, ó nípọn, àwọn dókítà sì ti ń lò ó sí i láti bí ọdún mélòó kan. Èyí tí wọ́n ń yọ lára òkú tún wà, tí NHS ń tọ́jú sí Liverpool. Ó wúlò níbi tí okùn púpọ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ lára ọ̀dọ́ tó ń padà sórí pápá, ó ń já ju ti ara ẹni lọ. Skúrù tí wọ́n fi ń dè é àti bí wọ́n ṣe ń lu ihò, a ò ní wọ ibẹ̀ lónìí.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Èyí tí wọ́n ń mú níwájú yẹn, abẹ́ eegun roboto gan-an ni èèyàn fi ń kanlẹ̀ tó bá kúnlẹ̀. Gbogbo dókítà ló mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ lè máa dun ẹni tí wọ́n bá mú un lára rẹ̀, nígbà mìíràn fún ọdún gbọọrọ. Fún ẹni tí kì í kúnlẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ò tó nǹkan. Àwa ńkọ́? Ẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà ní Old Kent Road. Ìrun márààrún ọjọ́ kan jẹ́ rákà 17, ìforíkanlẹ̀ 34, a ò tíì ka nọ́fílà. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì wa: ìwádìí Yunifásítì Roehampton ní 2013 ka ìjọ tuntun àwọn aláwọ̀ dúdú tó 240 ní Southwark nìkan. Mélòó nínú wọn ni a kì í ti sọ pé "ẹ jẹ́ ká kúnlẹ̀"? Ọmọ tó fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ńkọ́? Àwa la gbà pé ìkúnlẹ̀ lèèyàn wà nígbà tó yan orí. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ mìíràn bá tán.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ti iwájú o. Fún ẹlòmíràn, òun ló dáa jù. Inú mi bà jẹ́ pé àbúrò mi kò mọ̀ ṣáájú ni. Ó ní ká ní wọ́n bi òun ni, bóyá òun ì bá tún mú un. Ṣùgbọ́n òun ni ì bá mú un.

(Ìlù gángan, jẹ́jẹ́.)

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí wọ́n tó dá mi dúró. Ní Sydney, ní Ọsirélíà, dókítà kan wà, Leo Pinczewski. Nígbà tí ACL ọmọdé bá já, tí iṣan ẹ̀yìn itan ọmọ náà ṣì kéré jù, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yọ ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tó wà láàyè, wọ́n á fi sínú orúnkún ọmọ. Ìyá á dùbúlẹ̀, ọmọ á dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Màmá wa, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wá fọwọ́ pa ẹ̀yìn itan wọn, wọ́n ní, "Èmi náà ì bá fún un."

Wọ́n ti ń nawọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì. Mo ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀ físíò, pé okùn tuntun yìí á kọ́kọ́ kú, ẹ̀jẹ̀ á tún wọ inú rẹ̀, pé láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ń dùn ún rìn gan-an ló rọ jù, pé kí ẹnikẹ́ni má wọ pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé...

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan ń lọ rí dókítà tirẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, orúnkún kan náà. Àbúrò mi ti kọ ìbéèrè méje sórí ìwé fún un. Èyí tó wà lókè pátápátá kì í ṣe ìbéèrè. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé: "Dókítà, mo máa ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́." Èyí tó tẹ̀ lé e ni...

Wọ́n ní ó tán. Ìròyìn aago méje ló kàn.

(Orin àmì ètò. Ó gé.)