Ìrànlọ́wọ́ Nínú Ìjọ àti Nínú Ẹgbẹ́ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù, ní Wárì)

 A kí yín kú òjò, nítorí a mọ̀ pé ẹni tó bá ti Ẹ́fúrùn wá lónìí ti la omi kọjá.

Ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ará ìjọ ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. A kì í ṣe oníwàásù. Èlùbọ́ ni a ń tà ní ọjà Igbúdú, ìwé mẹ́fà ni a kà, ìwé owó ẹgbẹ́ ni ẹ sì fi sí wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí ojú wa rí ni a ó sọ.

Ní ilé, bí ara ẹnìkan kò bá yá, a kì í ránṣẹ́. Gbogbo agbo ilé á ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Níbí, ẹni tó wà ní yàrá kejì lè jẹ́ ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìjọ ló di agbo ilé fún púpọ̀ nínú wa. Bí obìnrin bá bímọ, àwọn ìyá ìjọ ni yóò wẹ ọmọ. Bí wọ́n bá dá ẹnìkan dúró sí ọsibítù, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò pín òru láàrin ara wọn, tí ẹnìkan yóò sùn sórí bẹ́ǹṣì lónìí, ẹlòmíràn lọ́la. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún wọn. Ẹni tó ń gbá ilé ìjọ ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹni tó ń tan jẹ́nẹ́rétọ̀, ìyá tó ń fọ aṣọ tábìlì Oúnjẹ Olúwa, ẹ wádìí wọn wò: ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju owó kékeré tí wọn yóò jù sínú igbá ọrẹ. Ọwọ́ wọn ni ọrẹ wọn. Nígbà Ìkórè, a máa ń ka orúkọ ẹni tó dá owó ńlá. A kò tíì gbọ́ kí wọ́n ka orúkọ ẹni tó pọn omi fún odidi ọdún.

Kí a má sì rò pé àwa ni a gbé ìgbàgbọ́ wá sí ìlú yìí o. Ọmọ ọba Ìtsẹkírì kan, tí àwọn Pọtogí ń pè ní Dom Domingos, ti lọ kàwé ní ilẹ̀ Pọtogí ní nǹkan bí ọdún 1600, ó padà wá, ó sì jọba ní Wárì. Ọdún 1842 ni Freeman àti Townsend ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Àlejò ni wá, onílé sì ti gbọ́ orúkọ Jésù kí àwọn bàbá ńlá wa tó gbọ́ ọ. Àwọn ìyá Ìtsẹkírì tó jókòó tì wá lọ́jà kì í jẹ́ kí a gbàgbé. Èdè wọn bá tiwa tan débi pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, wọn á gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ẹ wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fo àwọn opó tó jẹ́ ti àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì dá. Àwọn wọ̀nyí kò ní ìbátan nídìí ìpín. Àwọn àpọ́sítélì kò bínú sí ẹni tó ráhùn, wọn kò sì sọ pé kí ó padà sí ilé rẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje. Ẹ ka orúkọ wọn láti orí Stéfánù dé orí Nikoláù: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ará Áńtíókù tí a kò bí ní Júù. Inú àwọn tí à ń fò dá ni wọ́n ti mú ẹni tí yóò máa pín in.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé àwa náà ti fo ènìyàn dá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kú. Wọ́n wá béèrè owó ìsìnkú. A ṣí ìwé, a rí i pé kò san owó oṣù fún oṣù mẹ́rìnlá, òfin wa sì sọ pé ẹni tó bá jẹ ju oṣù mẹ́fà lọ kò ní gba nǹkan kan. A fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé ó jẹ gbèsè, a pa ìwé dé. A rò pé iṣẹ́ wa ni a ṣe. Àṣé àìsàn ló dá a dúró sílé ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó lọ béèrè rẹ̀. Àwọn ará ìjọ rẹ̀, tí púpọ̀ wọn jẹ́ Urhobo, ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ra pákó, tí wọ́n se oúnjẹ. Àwa wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ jókòó. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ìkíni náà ni kò jẹ́ kí a sùn lóru ọjọ́ náà.

A kò sọ pé kí a fa ìwé òfin ya. Ẹgbẹ́ tí kò gba owó oṣù yóò tú, àwa tí a ń tajà sì mọ àwọn ajigbèsè tó ń fi àìsàn bojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ san yàtọ̀ sí ẹni tí kò rí san, ìwé kò sì lè fi ìyàtọ̀ náà hàn wá. Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn lọ wò ó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa mọ ìtàn Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ọ̀fà fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọn kò tíì gbà sílẹ̀, wọ́n fi ilé ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ sílẹ̀. (Ní 1983, orílẹ̀-èdè tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Gánà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má nàka.) Níbí gan-an, nígbà ìjà ọdún 1997 àti ti 2003, ilé ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá súnmọ́ wa ni a ń sá wọ̀. Kò sí onílé tó bi wá pé rìsíìtì dà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a ní àpótí kan tó yàtọ̀ sí owó oṣù. Kí ẹni mẹ́ta máa mú un, kí obìnrin wà nínú wọn, kí ọ̀kan sì jẹ́ ẹni tí kò ní oyè kankan nínú ẹgbẹ́. Kí a má ka orúkọ ẹni tó fi sí i, kí a má sì ka orúkọ ẹni tó gbà níbẹ̀. Bí a kò bá rí ẹnìkan fún oṣù méjì, kí ẹni méjì lọ sí ilé rẹ̀ kí akọ̀wé tó ṣí ìwé. Akọ̀wé náà gbà pé kí wọ́n fi òun ṣe ọ̀kan nínú ẹni méjì náà.

Àpótí wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Opó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ìlú yìí, òrùlé yàrá rẹ̀ ń jò, páànù mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ẹni méjì tó lè gun òrùlé ni a ń wá fún Sátidé tó ń bọ̀, ní agogo méje àárọ̀. Ẹ wá fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ẹ tó lọ.