Ríru Òkun, Ríru Ẹ̀jẹ̀

Òkun kì í ru ní Zion Pepe kí ará Ìlàjẹ má mọ̀: ojú a rí i, etí a gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi pe ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè tan ni jẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè kọjá 140/90 kí orí má fọ́ni.

Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ títí di òpin oṣù Kẹfà. Aláìsàn tí oògùn rẹ̀ tán, tí ara kò sì ni, lè rò pé òun ti sàn. Kò sàn o. Oògùn ló ń pẹ̀tù sí ìgbì náà. Bí oògùn bá dá, ìgbì a padà, àrùn rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀lé e.

Òkun a máa hó kó tó gbéni. Ẹ̀jẹ̀ kì í hó. Ìwọ̀n ní í fi í hàn.