Ooru àti Ara Òṣìṣẹ́



Bí òṣìṣẹ́ kan bá jókòó lọ́sàn-án gangan, tí kò lè gbé ọwọ́ mọ́, ohun tí a máa ń kọ́ sọ ni pé ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ọdún 1931, ní aginjù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ògiri ńlá tí a fi sé odò Colorado, èyí tí a ń pè ní Hoover Dam. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ooru ibẹ̀ a máa ju ìwọ̀n 45 Celsius lọ. Àwọn tí ó pa ju ènìyàn 10 lọ, alágbára ni wọ́n sì í ṣe. Ní oṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Omi tútù wà lára ohun tí wọ́n bèèrè. Ní 1932, àwọn onímọ̀ láti Harvard lọ síbẹ̀, wọ́n sì rí i pé iyọ̀ ń bá òógùn jáde, àti pé ẹni tí iyọ̀ ara rẹ̀ bá dín ni pajápajá ń mú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ agbára a máa dá ooru sínú ara. Òógùn tí ó ń gbẹ ni ó ń tu ara. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá kún inú afẹ́fẹ́, òógùn a máa kán lásán. Ẹ̀jẹ̀ a sì ya sí awọ láti gbé ooru jáde, èyí tí ó kù fún iṣan àti ọpọlọ a dín. Nígbà náà ni ọwọ́ ń wúwo, tí ènìyàn sì ń ṣe àṣìṣe nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá tí ó bá kọ ìsinmi fún òṣìṣẹ́ kò jèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò dín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ nídìí ààrò búrẹ́dì, ní ilé alágbẹ̀dẹ, tàbí níbi ìkọ́lé, ẹ pèsè omi, ibòji àti ìsinmi. Ẹni tuntun ni kí ẹ ṣọ́ jùlọ: ẹ fi iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún un fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, títí ooru yóò fi mọ́ ọn lára. Bí ara ẹnìkan bá gbóná janjan, tí ó sì ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má ṣe rò pé ọtí ni. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà kíákíá.

Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ti rí omi mu.